Ọdún 1819: Ewì Tí Wọ́n Kọ, Ewì Tí Wọ́n Rí Kà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn ìwé, mo kí yín kú ìjókòó. Ọdún kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú nínú ìtàn ewì Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1819. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ máa ń pọ́n ọdún náà lé gan-an. Inú rẹ̀ ni John Keats ti kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ewì tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá, inú rẹ̀ ni Percy Shelley ti kọ àwọn kan tó le jù nínú tirẹ̀, inú rẹ̀ náà ni Lord Byron ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Don Juan jáde. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ wò ni ọ̀rọ̀ òǹkàwé. Ká ní ẹnì kan wà ní London lọ́dún 1819, tó lówó lọ́wọ́, tó ń ra gbogbo ìwé ewì tó bá jáde. Díẹ̀ bíńtín ni ì bá rí nínú ohun tí à ń pè ní ewì ọdún 1819 lónìí. Inú lẹ́tà ni ewì ọdún náà wà, inú àpótí ọ̀rẹ́, ẹ̀yìn ìwé orí pẹpẹ. Òmíràn dúró di ọdún kejì, òmíràn dúró fún ọdún mẹ́tàlá, òmíràn dúró fún ogún ọdún. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ àti ohun tó fà á.

Kí ni òǹkàwé wa yìí ì bá rí rà? Ní oṣù kẹrin, William Wordsworth gbé Peter Bell jáde, ìtàn ọkùnrin ọ̀dájú kan tó ń kiri ìkòkò, tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan mú kí ọkàn rẹ̀ yí padà. Wordsworth ti di ẹni ọdún 49, ó ti di òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó owó òǹtẹ̀ ní Westmorland. Ewì tó gbé jáde yìí kì í ṣe tuntun rárá. Ọdún 1798 ló ti kọ ọ́. John Hamilton Reynolds tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Keats gbọ́ pé ó ń bọ̀, ó yára kọ ayédèrú rẹ̀ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ láìtíì fi ojú kan ojúlówó, ayédèrú náà sì ṣáájú ojúlówó dé ọjà. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje, orí kìíní àti orí kejì Don Juan jáde: ọ̀dọ́mọkùnrin tó kó sọ́wọ́ ìyàwó oníyàwó, ọkọ̀ tó rì, àwọn tí ebi pa lójú agbami títí wọ́n fi jẹ ẹlẹgbẹ́ wọn. Kò sí orúkọ Byron lára ìwé náà, kò sì sí ti John Murray tó gbé e jáde, nítorí ẹ̀rù ń bà á. Murray tẹ ìwé náà ní títóbi, ó gbé owó lé e kí mẹ̀kúnnù má lè rà á. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń jí ìwé tẹ̀ fi ṣe ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú, mẹ̀kúnnù sì rà á. Byron ti kọ ìyàsọ́tọ̀ kan síwájú ewì náà, níbi tó ti bú Robert Southey, akéwì ààfin, àti Castlereagh, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó di ẹ̀yìn ikú Byron kó tó wọ inú ìwé.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí: ewì tó jáde lọ́dún náà ti lé ní ogún ọdún, èyí tó jẹ́ tuntun sì bo ojú, apá kan rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ Keats. Wọ́n bí i ní 1795, bàbá rẹ̀ ń bójú tó ilé ẹṣin ní Moorgate. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ilé ìwòsàn Guy's, ó yege ìdánwò apòògùn ní 1816, ó sì gbé iṣẹ́ náà tì nítorí ewì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé gúúsù London, tí ẹ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Guy's tàbí tí ẹ ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀, ère rẹ̀ wà nínú ọgbà wọn. Orí ìjókòó ni wọ́n mọ ọ́n sí, àyè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń ro. Ní 1818, ìwé àtìgbàdégbà Blackwood's ti Edinburgh bẹnu àtẹ́ lù ú. Wọ́n ní kó padà sídìí oògùn rẹ̀, pé ó sàn kí ebi pa apòògùn ju kó pa akéwì lọ. Ní ìparí ọdún kan náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa àbúrò rẹ̀ Tom, ọmọ ọdún 19. Keats ló ń tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú. Àbúrò rẹ̀ kejì, George, ti bá ìyàwó rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Òfò yìí ló bá wọ 1819. Charles Brown, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sọ pé kó wá máa bá òun gbé ní Wentworth Place ní Hampstead.

Oṣù kìíní ló kọ ewì Alẹ́ Àgnẹ́ẹ̀sì Mímọ́, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òtútù. Òwìwí ní gbogbo ìyẹ́ lára, síbẹ̀ òtútù ń mú un. Ìka bàbá arúgbó tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ti kú tìpìrì. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, ó ń kọ lẹ́tà gígùn kan sí George àti ìyàwó rẹ̀, lẹ́tà tó ti ń kọ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kejì. Láàárín ìròyìn ilé àti ọ̀rọ̀ àwàdà, ó kàn kọ ewì kan síbẹ̀, èyí tó sọ̀rọ̀ jagunjagun tí arẹwà obìnrin abàmì kan tàn lọ, tó wá fi í sílẹ̀ lẹ́bàá adágún tí koríko rẹ̀ ti rọ, tí ẹyẹ kankan kò kọrin. Lẹ́yìn ewì náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣeré nípa ìfẹnukonu mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀, pé ẹ ó bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin. Ọ̀kan nínú ewì tí wọ́n ń há sórí jù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì rèé, àárín lẹ́tà ẹbí ló ti wáyé. Ní àwọn ọjọ́ yẹn náà ni Fanny Brawne àti ìyá rẹ̀ kó wá sí apá kejì ilé náà, tó fi jẹ́ pé ògiri kan ló wà láàárín Keats àti ọmọbìnrin tó ń fẹ́, tí kò sì lówó tó lè fi gbé e níyàwó.

Ó kan ti oṣù karùn-ún. Brown ló sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní ẹyẹ Nightingale kan kọ́ ìtẹ́ sẹ́bàá ilé wọn, orin rẹ̀ sì dùn mọ́ Keats. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Keats gbé àga kúrò nídìí tábìlì oúnjẹ, ó gbé e lọ sábẹ́ igi eléso kan nínú ọgbà, ó sì jókòó síbẹ̀ fún bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta. Nígbà tó wọlé, Brown rí àjákù ìwé mélòó kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń fi í há ẹ̀yìn àwọn ìwé orí pẹpẹ. Brown fà wọ́n yọ, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n, ìwé kíkọ orí wọn kò rọrùn láti tò pọ̀. Wọ́n jọ tò ó. Ewì Nightingale nìyẹn, ọgọ́rin ìlà. Bí Brown kò bá wọlé lásìkò yẹn, ta ló mọ̀? Nínú ewì náà, Keats sọ̀rọ̀ ilé ayé níbi tí ọ̀dọ́ ti ń funfun, tí í rù kan egungun, tí í sì í kú. Ẹni tó bá ti mọ̀ nípa Tom kò ní béèrè ẹni tó ń sọ. Ó tún mẹ́nu ba Rúùtù inú Bíbélì, tó dúró nínú oko ọkà ilẹ̀ àjèjì, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí àárò ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Rúùtù yìí sọ́kàn.

Nightingale nìkan ni òǹkàwé wa lè rí kà lọ́dún yẹn nínú àwọn ewì oríkì tí Keats kọ láàárín ìrúwé yẹn, bó bá jẹ́ pé ó ń ra ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Annals of the Fine Arts. Ibẹ̀ ló ti jáde ní oṣù keje, láìsí orúkọ Keats, àmì kékeré kan ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Èyí tó kọ nípa ìkòkò àwọn ará Gíríìsì, èyí tó kọ nípa ìbànújẹ́ àti èyí tó kọ sí Psyche, abo òrìṣà inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì, ṣì wà nílé.

Ní báyìí, ẹ bá mi ká lọ sí Manchester. Ogun Napoleon parí ní Waterloo ní 1815. Àwọn ọmọ ogun padà dé, iṣẹ́ kò sí. Ọdún kan náà ni ilé aṣòfin, tí àwọn onílẹ̀ kún inú rẹ̀, ṣe òfin tí kò jẹ́ kí ọkà ilẹ̀ òkèèrè wọlé àyàfi tí ọkà tiwọn bá ti wọ́n dé ibì kan, ni búrẹ́dì bá di ọ̀wọ́n. Owó iṣẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ hun aṣọ ń já wálẹ̀. Òwú ló sọ Manchester di ìlú ńlá, òwú tó sì jẹ́ pé ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń ká púpọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bó ṣe tóbi tó yẹn, kò ní aṣojú kan ṣoṣo nílé aṣòfin.

Ní Monday, ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ, nǹkan bí 60,000 ènìyàn kóra jọ sí pápá St Peter's láti gbọ́ ọ̀rọ̀ Henry Hunt, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò. Láti Oldham, Rochdale, Stockport ni wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rìn wá, aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́rùn wọn. Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tiwọn. Samuel Bamford, ahunṣọ tó tún jẹ́ akéwì, ló ṣáájú àwọn ará Middleton, pẹ̀lú ìlù àti fèrè, àti àsíá ṣẹ́dà méjì, ọ̀kan búlúù, èkejì aláwọ̀ ewé, tí wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sí: kí ọkùnrin gbogbo lè dìbò, kí ìdìbò sí ilé aṣòfin máa wáyé lọ́dọọdún. Àwọn adájọ́ ìlú ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé ilé kan. Wọ́n pàṣẹ kí wọ́n mú Hunt. Àwọn ẹlẹ́ṣin tó jẹ́ ọmọ oníṣòwò àti ọmọ onílé-iṣẹ́ ìlú náà ló kọ́kọ́ kọ lu èrò pẹ̀lú idà, lẹ́yìn náà àwọn ológun ìjọba. Kí wọ́n tó dé pápá náà pàápàá, ẹṣin wọn ti gbá ọmọ ọdún méjì kan, William Fildes, bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní Cooper Street, ó sì kú. John Lees láti Oldham, tó ti ja ogun Waterloo tó sì ti ibẹ̀ bọ̀ láàyè, gba ọgbẹ́ lọ́jọ́ náà, ọgbẹ́ náà ló pa á ní oṣù kẹsàn-án. Ó kéré tán, ènìyàn 15 ló kú, àwọn tó fara pa sì lé ní 600. Wọ́n pa orúkọ pápá St Peter's pọ̀ mọ́ Waterloo, wọ́n pe ìpakúpa náà ní Peterloo, láti fi pẹ̀gàn àwọn tó rò pé iṣẹ́ akọni làwọn ṣe. Kí ni ìjọba ṣe? Sidmouth, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, kọ̀wé ìdúpẹ́ sí àwọn adájọ́ náà lórúkọ ọmọ ọba tó ń ṣe adelé.

Keats wà ní Winchester nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà George dé láti Amẹ́ríkà pé okòwò òun ti fọ́ mọ́ òun lórí, kó bá òun wá owó. Keats gbéra lọ sí London lójú ẹsẹ̀ láti rí alágbàtọ́ wọn. Bó ṣe wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 13 ni Henry Hunt wọ London. Wọ́n ti gba onídùúró rẹ̀, gbogbo ìlú sì jáde lọ pàdé rẹ̀. Keats kọ ọ́ sí George pé èrò tò láti Angel ní Islington títí dé ilé ìtura Crown and Anchor, pé bí òun bá fẹ́ ròyìn rẹ̀ tán, yóò gba odindi ọjọ́ kan àti ìdì ìwé kan. Ó padà sí Winchester ní ọjọ́ 15. Ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 19, ó rìn gba etí odò Itchen bó ti máa ń ṣe. Ó sọ fún Reynolds nínú lẹ́tà pé afẹ́fẹ́ mọ́, pé òun kò fẹ́ràn oko tí wọ́n ti kórè tó bẹ́ẹ̀ rí, pé àkékù pòròpórò ọkà ń móoru lójú òun bí àwòrán kan ṣe máa ń móoru, ìyẹn sì wọ òun lára débi pé òun kọ ewì lé e lórí.

Ewì ìgbà ìkórè nìyẹn. Ìlà 33 péré ni. Kò sí “èmi” kankan nínú rẹ̀. Nínú apá kìíní, èso ń kún: àjàrà, ápù, ẹ̀pà igi, oyin tó ń ṣàn jáde nínú afárá. Nínú apá kejì, ìkórè di ènìyàn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àká, atẹ́gùn tí wọ́n fi ń fẹ́ ọkà ń gbé irun rẹ̀ sókè. Ó tún sùn lọ lójú aporo tí wọ́n kórè dé ìdajì. Ó tún ń pèéṣẹ́, ẹrù rẹ̀ dúró ṣinṣin lórí bó ti ń sọdá odò kékeré. Nínú apá kẹta, ewì náà béèrè pé orin ìrúwé dà, ó sì dáhùn pé kí ìkórè má ronú nípa rẹ̀, òun náà ní orin tirẹ̀: kantíkantí, ìrẹ̀, ọ̀dọ́ àgùntàn tó ń ké, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń kó jọ lójú ọ̀run.

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ewì yìí. Apá kan ní Keats sá lọ sínú oko kó má bàa gbọ́ igbe Manchester. Apá kejì ní Manchester ló wà nínú gbogbo ìlà rẹ̀, pé àdììtú ni. Èmi kò fara mọ́ ìkíní, ìkejì náà kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó kọ ewì yìí ní ọjọ́ 19 ló kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Charles Dilke lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ máa kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, pé òun nírètí tọkàntọkàn láti fi ìwọ̀nba ìrànlọ́wọ́ òun ti ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń fẹ́ òmìnira kí òun tó kú. Kì í ṣe ẹni tó ń sá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ewì náà kì í ṣe àlọ́ tí a ní láti já. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni oúnjẹ. Láàárín orílẹ̀-èdè tí búrẹ́dì ti wọ́n, tí wọ́n ti gé ènìyàn ní idà nítorí pé wọ́n ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn, Keats tẹ́ ìkórè sílẹ̀ lọ rẹrẹ, kò sì sí onílẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó ń pèéṣẹ́ sì ti padà wá. Rúùtù ló pèéṣẹ́ nínú ewì oṣù karùn-ún, ó ń sunkún. Nínú ti oṣù kẹsàn-án, ẹni tó ń pèéṣẹ́ ru ẹrù rẹ̀, ó ń lọ sílé. Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dájọ́ ní 1788 pé tálákà kò ní ẹ̀tọ́ láti pèéṣẹ́ nínú oko olóko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń ṣe é síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìletò. Mi ò lè sọ pé Keats ń ronú nípa ẹjọ́ náà. Mo mọ̀ pé ó fi apèéṣẹ́ sí àárín ewì rẹ̀, ó sì buyì fún un.

Shelley ńkọ́? Ní Itálì ni òun àti Mary ìyàwó rẹ̀ wà, ọdún náà sì ti gbò wọ́n. Clara ọmọ wọn obìnrin kú ní Venice ní 1818. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà 1819, William kú ní Róòmù, ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọn kò ní ọmọ kankan mọ́. Wọ́n kó lọ sí ilé kan nítòsí Livorno tó ní yàrá onígíláàsì kékeré lórí òrùlé. Ibẹ̀ ni Shelley ti ń kọ̀wé nínú oòrùn gangan. Ibẹ̀ ni ìròyìn Manchester ti bá a ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ̀wé sí ẹni tó ń tẹ ìwé rẹ̀ pé ìbínú ṣì ń hó nínú iṣan òun.

Ewì tó kọ, The Mask of Anarchy (Ìbòjú Rúdurùdu), kò jọ èyí tó ti ń kọ tẹ́lẹ̀. Ewì Shelley máa ń le, ẹni tí kò kàwé púpọ̀ kì í rí ìdí rẹ̀. Èyí yàtọ̀. Ìlù ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba bí orin tí wọ́n ń tà láàárín ọjà, ọmọdé lè gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀ pé òun sùn ní Itálì, ohùn kan wá láti òkè òkun, ó mú òun rìn nínú ìran. Ó pàdé Ìpànìyàn lọ́nà, ojú Castlereagh ló fi bo ojú, ajá ńlá méje ń tẹ̀ lé e, ó ń ju ọkàn ènìyàn sí wọn jẹ. Ẹ̀tàn tẹ̀ lé e, ó wọ aṣọ Eldon, adájọ́ àgbà tó gba àwọn ọmọ Shelley ti ìyàwó àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1817. Bó ti ń sunkún, omijé rẹ̀ ń di ọlọ, àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rò pé òkúta iyebíye ni, ọlọ náà sì ń fọ́ wọn lórí. Mo gbà pé baba tó ń ṣọ̀fọ̀ ló kọ ibí yìí. Lẹ́yìn wọn ni Rúdurùdu fúnra rẹ̀ gun ẹṣin funfun tí ẹ̀jẹ̀ ta sí lára, ó dé adé, ó kọ ọ́ síwájú orí pé òun ni Ọlọ́run, òun ni Ọba, òun ni Òfin. Ẹ kíyè sí i pé àwọn aláṣẹ ni Shelley pè ní rúdurùdu, kì í ṣe èrò inú pápá.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìrètí dùbúlẹ̀ síwájú àwọn ẹṣin náà. Ìkùukùu dìde láàárín wọn, nígbà tó sì pòórá, Rúdurùdu ti kú. Ilẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó béèrè pé kí ni òmìnira, ó sì dáhùn pé fún òṣìṣẹ́, òmìnira ni búrẹ́dì, àti tábìlì tí wọ́n tẹ́ dè é nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé sínú ilé tó mọ́, tó láyọ̀. Ó ní tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá tún dé, kí wọ́n ká apá wọn, kí wọ́n dúró, kí wọ́n wò wọ́n lójú láìbẹ̀rù. Ó wá parí:

Ẹ dìde bíi kìnnìún tó jí lójú oorun,
Ẹ pọ̀ ní iye tí apá ẹnìkan kò ká;
Ẹ gbọn ẹ̀wọ̀n yín sílẹ̀ bí ìrì
Tó sẹ̀ sí yín lára nígbà tí ẹ sùn:
Ẹ̀yin lẹ pọ̀, àwọn ni kò tó nǹkan.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ni Shelley fi ewì náà ránṣẹ́ sí Leigh Hunt ní London, kó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, The Examiner. Hunt yìí kì í ṣe ìbátan Henry Hunt. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín ọjọ́ tí Keats kọ ewì ìkórè àti ọjọ́ tí ewì Shelley kúrò ní Itálì. Ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì ni Leigh Hunt. Ó gba ewì náà, kò sì tẹ̀ ẹ́.

Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní ojo. Ẹ má ṣe bá wọn sọ ọ́. Ọdún méjì ni Hunt ti fi ṣẹ̀wọ̀n, láti 1813 sí 1815, òun àti John ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì tún san £500 ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé wọ́n kọ òótọ́ nípa ọmọ ọba tó ń ṣe adelé. Ní oṣù kọkànlá 1819 gan-an, wọ́n ju Richard Carlile sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta nítorí ìwé tó tẹ̀. Carlile yìí wà lórí pèpéle ní pápá St Peter's, ó sì ti gbé ìròyìn ìpakúpa náà jáde. Ní oṣù kejìlá, ilé aṣòfin ṣe òfin mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpàdé tí ènìyàn rẹ̀ bá ju 50 lọ di ohun tí wọ́n ń dá dúró. Ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú, èyí tí owó rẹ̀ kò tó pẹ́nsì mẹ́fà Gẹ̀ẹ́sì, ní láti máa san pẹ́nsì mẹ́rin fún òǹtẹ̀, kí mẹ̀kúnnù má bàa lè rà á mọ́. Ìjìyà fún ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ tí ìjọba kà sí ọ̀tẹ̀ sì le sí i. Hunt ní ìyàwó àti ọmọ rẹpẹtẹ. Shelley wà ní Itálì, kò sí ọlọ́pàá tó máa kàn án lẹ́kùn. Ẹni tó bá tẹ ìwé ni wọ́n máa mú.

Shelley náà mọ̀. Ní oṣù kẹwàá, ó wà nínú igbó kan létí odò Arno ní Florence, ìjì ń kó bọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ewì Ẹ̀fúùfù Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ènìyàn máa ń kà á bí ewì nípa ojú ọjọ́. Ẹ kà á pẹ̀lú ohun tí a ti sọ yìí: ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ méjì kú láàárín ọdún kan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lóko òkèèrè láìsí ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́, ń bẹ ẹ̀fúùfù pé kó bá òun gbé ọ̀rọ̀ òun káàkiri láàárín ọmọ ènìyàn bí eérú àti ẹta iná láti inú ààrò tí kò tíì kú. Ẹ̀bẹ̀ ni. Kò sí olùtẹ̀wé mìíràn fún un. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Mary bí ọmọkùnrin, wọ́n sì sọ ọ́ ní Percy Florence.

Ṣáájú Kérésìmesì, ó tún fi ewì onílà mẹ́rìnlá kan ránṣẹ́ sí Hunt. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọba arúgbó, wèrè, afọ́jú, ẹni ẹ̀gàn tó ń kú lọ, ìyẹn George Kẹta. Ó sọ nínú lẹ́tà náà pé òun kò retí kó tẹ̀ ẹ́, kó kàn fi han ẹni tó bá wù ú.

Ẹni tó gbin kòkó kì í ká a lọ́dún tó gbìn ín, bẹ́ẹ̀ ni ọdún náà rí. Ewì Keats ló kọ́kọ́ so. Ní oṣù keje 1820, ìwé rẹ̀ jáde, àwọn ewì oríkì náà àti ti ìkórè sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún yẹn ló ti tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sórí ibùsùn. Ó ní kí Brown gbé àbẹ́là wá kí òun wò ó, ó sì sọ pé òun mọ àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà, pé ikú òun ló dé. Iṣẹ́ tó kọ́ ní Guy's ló jẹ́ kó mọ̀. Ó kú ní Róòmù ní ọjọ́ 23 oṣù kejì 1821, ọmọ ọdún 25. Shelley rì sómi ní 1822. Bamford ahunṣọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan ní Lincoln nítorí ọjọ́ Manchester, ó sì pẹ́ láyé débi tó fi kọ ìtàn ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àárọ̀ ọjọ́ yẹn ti rí kí idà tó yọ, kó lọ ka ìwé Bamford, kò sí akéwì ńlá kankan nínú wọn tó wà níbẹ̀.

Mary fẹ́ tẹ gbogbo iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó gbé díẹ̀ jáde ní 1824, ni bàbá Shelley, Sir Timothy, bá ní kó kó ìwé náà kúrò lọ́jà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun yóò dá owó tí òun ń fún ọmọ rẹ̀ dúró. Ó kó o kúrò. Leigh Hunt tẹ The Mask of Anarchy ní 1832, ọdún tí òfin tuntun fún Manchester ní aṣojú nílé aṣòfin. Ó kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé lọ́dún tí ewì náà dé ọwọ́ òun, àwọn ará ìlú kò tíì ní òye tó láti mọyì ọkàn rere ẹni tó kọ ọ́. Èmi rò pé àwọn tó péjọ sí pápá St Peter's pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ì bá mọyì rẹ̀ dáadáa.

Èyí tó kẹ́yìn ni ewì ọba arúgbó náà. Mary tẹ̀ ẹ́ ní 1839, lẹ́yìn tí Sir Timothy gbà pé kó kó ewì náà jáde bí kò bá ti kọ ìtàn ìgbésí ayé Shelley mọ́ ọn. Òun ló sọ ọ́ ní “Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1819”. Nígbà náà, ẹni tó wà lórí oyè ni Victoria, ọmọ-ọmọ ọba tí ewì náà bú. Ọdún 1819 ni wọ́n bí i.